Ẹni Tí Ó Gbéra Láìgba Àṣẹ: Ọ̀rọ̀ Òfin Pápákọ̀ Òfurufú, láti Douala dé Àkúrẹ́

Ní ìlú Douala, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní Marché Congo. Ẹni tí ó bá mọ Gbági ní Ìbàdàn tàbí Balógun ní Èkó kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè irú ọjà tí ó jẹ́. Aṣọ ni olórí ohun tí à ń tà níbẹ̀: àǹkárá, aṣọ fèrèsé, aṣọ ibùsùn, àti oríṣìíríṣìí aṣọ tí a kó wá láti òkè òkun. Kìlómítà díẹ̀ péré ni ó wà láàárín ọjà náà àti pápákọ̀ òfurufú Douala. Nítorí náà, ohùn ọkọ̀ òfurufú kò ṣe àjèjì sí etí àwọn oníṣòwò ibẹ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn bá sì tẹ owó nínú wọn a máa wọ̀ ọ́ lọ ra ọjà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ òfin ni: òfin tí ń darí bí ọkọ̀ òfurufú ti ń gbéra àti bí ó ti ń bà lé. Ṣùgbọ́n ọjà ni a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ará ọjà mọ ohun kan nípa òfin ju bí òun tìkára rẹ̀ ti rò lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, nígbà tí òmìnira Kamẹrúùnù kò tíì pé oṣù mẹ́rin, àdúgbò Congo ní Douala jóná. Àwọn ènìyàn kú, ọ̀pọ̀ ìdílé sì di aláìnílé. Láti ìgbà náà wá, iná ti jó ìsọ̀ nínú Marché Congo ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ìlú ńlá kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí. Bí ọjà bá sì ti jóná báyìí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń béèrè: ọ̀nà wo ni ọkọ̀ panápaná ìbá gbà wọlé? Àárín ìsọ̀ ni ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnìkan gbé àpótí kan sí i, ẹnìkejì na aṣọ sórí okùn kọjá rẹ̀, ẹnìkẹta fi páànù bò ó. Olúkúlùkù gba ẹsẹ̀ bàtà kan péré, gbogbo wọn sì pàdánù ọ̀nà. Òfin pápákọ̀ òfurufú dà bí ọ̀nà àárín ọjà yìí. Kì í ṣe ti ẹnìkan, gbogbo ènìyàn ni ó ni ín, ọjọ́ tí a bá sì nílò rẹ̀ kì í fúnni ní àkókò láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kó àpótí kúrò.

Kí ni òfin náà ń wí? Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí olùkọ́ yóò ti sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé. Títì gbọọrọ kan ni ọkọ̀ òfurufú fi ń sáré kí ó tó gbéra, òun náà ni ó sì ń bà lé. A máa ń kọ nọ́ńbà sí orí títì náà. Ti Douala ń jẹ́ 12 ní ìpẹ̀kun kan, ó sì ń jẹ́ 30 ní ìpẹ̀kun kejì. Èyí kò túmọ̀ sí pé títì 30 ni ó wà níbẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ kọjú sí ni nọ́ńbà náà ń sọ: ẹni tí ó bá gba 12 kọjú sí ìwọ̀n 120 lára ẹ̀rọ atọ́ka àríwá, ẹni tí ó bá gba 30 kọjú sí òdìkejì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń pinnu èyí tí a ó lò, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú fẹ́ràn láti kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá bà lé.

Ní pápákọ̀ kékeré tí kò ní ilé-ìṣọ́, àwọn atukọ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sọ fún ara wọn ibi tí olúkúlùkù wà. Bí wọ́n bá ń yí pápá ká láti bà lé, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yà sí, àyàfi bí a bá ti kéde pé ọwọ́ ọ̀tún ni. Bí ọkọ̀ méjì bá pàdé ní ọ̀gangan ara wọn, olúkúlùkù yóò yà sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí méjì bá ń bọ̀ wá bà lé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ni ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òfin fi kún un pé kò gbọdọ̀ fi èyí ṣe ọgbọ́n láti já sí iwájú ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà mọ ìwà ọmọ ènìyàn dáadáa!

Òfin kò sì gbàgbé ẹni tí ó wà ní ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ìgbà tí ó bá ń gbéra tàbí tí ó bá ń bà lé, ọkọ̀ òfurufú kò gbọdọ̀ fò kọjá lórí ìlú tàbí lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó péjọ, bí kò bá fi 300 mítà ga ju ohun tí ó ga jù lọ láàárín 600 mítà yí i ká. Èyí ni pé ìyálọ́jà tí ó jókòó ti aṣọ rẹ̀ ní Marché Congo, tí kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé rẹ̀, wà lábẹ́ ààbò òfin yìí bí ẹni tí ó san owó ọkọ̀.

Níbi tí ilé-ìṣọ́ bá wà, bí ó ti wà ní Douala, òfin kan ṣe gbòógì ju gbogbo èyí lọ: kò sí atukọ̀ tí ó gbọdọ̀ bọ́ sórí títì, kí ó gbéra, tàbí kí ó bà lé, láìgba àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ béèrè, kí a dá a lóhùn, kí òun náà sì tún ohun tí a sọ fún un sọ padà, kí ó lè dájú pé ohun tí ẹnìkan wí ni ẹnìkejì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Douala ní òru ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2007. Ọkọ̀ òfurufú Kenya Airways kan, tí nọ́ńbà ìrìn-àjò rẹ̀ ń jẹ́ 507, ti Abidjan dé, ó sì fẹ́ máa lọ sí Nairobi. Boeing 737-800 ni ọkọ̀ náà, kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n gbà á. Òjò ńlá ń rọ̀ pẹ̀lú ààrá. Èyí kò ṣàjèjì ní Douala, ìlú tí òjò rẹ̀ ń ju 3,500 mìlímítà lọ lọ́dún, nígbà tí ti Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,300 lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n fẹ́ gbéra lóru náà ń dúró kí ojú ọ̀run mọ́. Ọ̀gá atukọ̀ Kenya Airways dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbéra ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Kò gba àṣẹ gbígbéra lọ́wọ́ ilé-ìṣọ́.

Bí ọkọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún. Òkùnkùn biribiri ni ìta, kò sí iná kan tí ojú lè fi mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ti fi ọkọ̀ sí ọwọ́ ẹ̀rọ tí ń tukọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò tíì gba iṣẹ́. Igbákejì rẹ̀ kò sì wí pé, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí kò tíì gbà.” Fún ìwọ̀n àkókò kan, kò sí ẹni tí ń tu ọkọ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀rọ kígbe pé ọkọ̀ ti tẹ̀ jù, ọ̀gá yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ọwọ́ ọ̀tún tí ó ti ń ṣubú sí náà ni ó sì tún tì í sí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ó gbéra tí ó fi já sínú igbó àbàtà ní Mbanga-Pongo. Ènìyàn 114 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹyọ kan tí ó yè.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti Kamẹrúùnù gbé ìwé wọn jáde ní ọdún 2010. Wọ́n wí pé àwọn atukọ̀ kò mọ ipò tí ọkọ̀ wọn wà mọ́ nínú òkùnkùn, wọn kò wo àwọn ẹ̀rọ tí ìbá sọ fún wọn, wọn kò tẹ̀ lé ìlànà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kò sì sí láàárín wọn.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè bi wá léèrè pé, ṣé àṣẹ tí wọn kò gbà ni ó já ọkọ̀ náà lulẹ̀? Ìbéèrè rere ni, a kò sì ní sá fún un. Bí ó bá ti gba àṣẹ, ọkọ̀ náà ìbá ṣì lè tẹ̀ sí ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fo òfin tí ó rọrùn jù lọ, èyí tí ẹnu lásán ni a fi ń gbà á, ti fi bí ọkàn rẹ̀ ti wà lóru ọjọ́ náà hàn. Àṣẹ náà jẹ́ ìdádúró kékeré kan. Láàárín ìdádúró bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn fi ń rántí ohun tí ó gbàgbé. Kì í sì í ṣe gbogbo jàǹbá ni a lè gbé ka orí àìgbọ́ràn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1962, ọkọ̀ Caledonian kan já ní kété tí ó gbéra ní Douala kan náà, ènìyàn 111 sì kú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, ọkọ̀ Cameroon Airlines tí ó ti Kùtọnu bọ̀ já nítòsí pápá náà. Nínú ènìyàn 76, àwọn 71 ni ó ṣègbé. Ìdí àwọn yìí kò rí bákan náà. Síbẹ̀ ìdí ti ọdún 2007 ni ó yẹ kí ó dùn wá jù, nítorí pé ọkọ̀ tuntun ni, ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo ni ìbá sì gbà á là.

Ta ni ìbá sọ ọ̀rọ̀ náà? Ọ̀gá atukọ̀ jẹ́ ẹni ọdún 52, igbákejì rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 23. Ìwé ìwádìí fi hàn pé ẹni tí ń pàṣẹ wàà ni ọ̀gá, ẹni tí ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sì ni igbákejì. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Àwa tí a ń dọ̀bálẹ̀, àwa tí a ń kúnlẹ̀, mọ bí ó ti ṣòro tó fún ọmọdé láti wí fún àgbà pé ó ṣìṣe. A kò ní kí a kọ ìwà ọ̀wọ̀ sílẹ̀. Ìṣúra wa ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò wí pé àgbà nìkan ni ó gbọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n sì wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí orí àgbà fúnra rẹ̀ bá wá ń wọ́ ńkọ́, tí ọmọdé ni ó wà nítòsí? Ẹni tí ó dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀, tí àgbà fi kú, kò bọ̀wọ̀ fún àgbà náà rárá.

Ilé-ìṣọ́ náà kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin pápákọ̀ kì í ṣe ti atukọ̀ nìkan. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ẹni tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ó dáhùn tàbí kò dáhùn. Ju wákàtí 40 lọ ni ó gbà kí a tó rí ọkọ̀ 507. Ibi tí ó jìnnà gan-an sí Douala ni a kọ́kọ́ wá a lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé kìlómítà márùn-ún ó lé díẹ̀ ni ó fi jìnnà sí ìpẹ̀kun títì tí ó ti gbéra. Àwọn ìbátan jókòó ní pápá ní Nairobi àti ní Douala, wọn kò mọ ohun tí wọn ìbá gbàgbọ́. Bí ìjọba bá kọ́ ilé-ìṣọ́ tí kò rí kìlómítà mẹ́fà, kí ni ó ń ṣọ́?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Kamẹrúùnù àti Kenya nìkan ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ọkọ̀ ADC kan gbéra ní Abuja nígbà tí ìjì ń jà, ó sì já. Ènìyàn 105 ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí ó yè kò tó mẹ́wàá; Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn olùwádìí wí pé ìpinnu atukọ̀ láti gbéra nínú ojú ọjọ́ tí ó mọ̀ pé kò dára ni ó fa á. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ kékeré kan fẹ́ gbé òkú gómìnà àtijọ́ fún ìpínlẹ̀ Oǹdó, Olóyè Olúṣẹ́gun Agagu, láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ń kígbe bí wọ́n ti ń sáré lórí títì. Àyè wà láti dúró. Wọn kò dúró. Ọkọ̀ náà já, àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ènìyàn 20 tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú. Àwọn tí wọ́n ń lọ sin òkú di òkú.

Ẹlòmíràn yóò wí pé òfin Òyìnbó ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Òtítọ́ ni pé nígbà tí a kó àwọn orílẹ̀-èdè jọ sí Chicago ní oṣù Kejìlá ọdún 1944 láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òfurufú, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù kò ní ìjókòó níbẹ̀. Ìlú amúnisìn ni ó ń sọ̀rọ̀ fún wa. Nínú gbogbo Áfíríkà, Íjíbítì, Etiópíà, Làìbéríà àti Gúúsù Áfíríkà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti gba òmìnira ni a fúnra wa wọ inú àdéhùn náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ èdè Faransé dá ASECNA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ojú òfurufú wọn pọ̀. Ní ọdún 1961, wọ́n dá Air Afrique sílẹ̀ ní Yaoundé. Níhà ti wa, WAAC ti ọdún 1946 ni ó bí Nigeria Airways ní ọdún 1958. Nígbà náà, Gúúsù Kamẹrúùnù ṣì ń bá Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ wa sì ń bà lé ní Tiko, tí kò jìnnà sí Douala.

Kí ni ó kù nínú ìwọ̀nyí? Air Afrique kógbá wọlé ní ọdún 2002, Nigeria Airways ní ọdún 2003, Cameroon Airlines ní ọdún 2008. ASECNA ni ó ṣì wà. Ọkọ̀ tí a fi àsíá wa kùn ti wọ́gbà, ẹgbẹ́ aṣọ́nà ṣì ń ṣọ́nà. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ ògo orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ògo kò sí nínú ọ̀dà tí a fi kun ìrù ọkọ̀, inú iṣẹ́ tí a kì í rí ni ó wà.

Ní ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, Èkìtì àti Ògùn nínú wọn, ti kọ́ pápákọ̀ tiwọn. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n títì ọlọ́dà kì í ṣe pápákọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, màlúù gba orí títì pápákọ̀ Àkúrẹ́, ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bà lé sì ní láti máa yí kiri lókè. Ní oṣù Keje ọdún 2005, ní Port Harcourt, ọkọ̀ Air France kan bà lé sí àárín agbo màlúù. Ọgbà tí kò ní ihò, ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà náà, ọkọ̀ panápaná tí omi wà nínú rẹ̀, ẹni tí ń wo ojú ọjọ́, ẹni tí ń dá atukọ̀ lóhùn lóru: ìwọ̀nyí ni pápákọ̀. A kì í gé rìbọ́nì fún wọn, kò sì sí gómìnà tí a ń ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwa ará ìlú máa béèrè wọn. Bí ìjọba bá pè wá wá ṣí pápákọ̀ tuntun, kí a bi wọ́n pé, “Ta ni yóò wà ní ìdí iṣẹ́ ní ọdún mẹ́wàá sí i? Owó oṣù rẹ̀ dà?” Kí àwa náà má sì kọ́ ilé àti ìsọ̀ dé ẹnu ọgbà, kí a wá máa pariwo nígbà tí wọ́n bá fi àmì wó-o-palẹ̀ sí i.

Òfin kan ṣẹ́ kù tí ó ju ti ará ìlú lọ: kí ẹni ńlá má ṣe fi ipò rẹ̀ lé atukọ̀ sáré. Mínísítà tí ó pẹ́ dé, ọlọ́lá tí ó fẹ́ bà lé níbi tí kùrukùru bò, olówó tí ó ní “Ṣé o kò mọ̀ mí ni?”, ìjì kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn baba wa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Fún ẹni tí ń ti ilẹ̀ gbéra lọ sí òkè, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà, ẹnu ọ̀nà náà sì ni àṣẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni a fi ọ̀rọ̀ yìí lé. Ọmọ tí ẹ bá kọ́ láti wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ tún un wò,” tí ẹ kò sì nà án nítorí pé ó wí bẹ́ẹ̀, òun ni yóò jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún ọ̀gá atukọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀gá tí ẹ bá kọ́ láti dáhùn pé, “O ṣeun, ọmọ mi,” ni yóò gbé gbogbo wọn gúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará ọjà, ní Gbági, ní Balógun, àti ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń ṣòwò ní Douala: ẹ kó àpótí yín kúrò lójú ọ̀nà lónìí, nígbà tí iná kò tíì sọ.